Ẹ gbà mí o: nọ́mbà irinṣẹ́ ń forí gbárí nínú CAM (sọ́fítíwíà tó ń ṣètò gígé fún ẹ̀rọ), báwo lẹ ṣe ń to tiyín?

Agbẹ́rin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ láàárọ̀ ọ̀la. Nínú ọ̀kan, T3 (irinṣẹ́ nọ́mbà 3) jẹ́ endmill (irinṣẹ́ tó ń fi ẹnu àti ẹ̀gbẹ́ gé irin) 10 mm. Nínú èkejì, T3 jẹ́ dírìlì 6.8. Nínú ẹ̀kẹta, irinṣẹ́ méjì ló ń jẹ́ T7, post (èyí tó ń sọ iṣẹ́ CAM di kóòdù ẹ̀rọ) sì ń kìlọ̀ fún mi ṣáá. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lẹ máa ní kí n gbà to nọ́mbà wọ̀nyí? Kíá ni mo ń fẹ́ ẹ o.

Mílì24:
T7 méjì yẹn ni kí o kọ́kọ́ yanjú, ìyókù lè dúró. Post kì í wo irinṣẹ́, nọ́mbà ló ń wò. Bí operation méjì tó tẹ̀léra bá jọ ń jẹ́ T7, kò ní kọ M6, àṣẹ tó ń pààrọ̀ irinṣẹ́, sáàárín wọn. Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ á máa gé lọ lójú ọ̀nà tí wọ́n ṣírò fún èkejì.

Ní ti títò, yan T1 sí T12 fún àwọn tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ: face mill, endmill 16, 10 àti 6, spot drill, chamfer mill, dírìlì 5.0 àti táàpù M6, dírìlì 6.8 àti táàpù M8. T13 sí T19 jẹ́ ti iṣẹ́ tó bá wọlé. Fi T20 sílẹ̀ fún probe, ìyẹn irinṣẹ́ ìwọ̀n.

OlóríṢọ́ọ̀bù:
Gbogbo àlàyé yìí fún ohun tí bọ́tìnì kan ń ṣe? Mastercam ní "Renumber tools" lábẹ́ "Edit selected operations", Fusion náà ní tirẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n to ara wọn láti 1, kí o lọ sùn.

Irin_Dúdú:
Má tẹ̀ ẹ́ o! Mo ti rí ohun tó fà. Renumber sọ T5 di T3, àmọ́ H (nọ́mbà ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka gígùn irinṣẹ́) tí wọ́n ti fọwọ́ tẹ̀ sínú operation kò bá a lọ. Ohun tó jáde nìyí (G43 ló ń mú gígùn tó wà ní H lò):

T3 M6
G43 H5 Z25.

H5 nínú controller (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ) jẹ́ 98 mm, ìyẹn gígùn dírìlì kúkúrú kan. Endmill tó wà lẹ́nu spindle (ọ̀pá tó ń yí irinṣẹ́) gùn tó 131. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 33 mm. Níbi tí ẹ̀rọ ti rò pé òun fi 25 mm ga ju iṣẹ́ lọ, ẹnu endmill ti fi 8 mm wọnú irin, G0, eré tó yá jù, ló sì fi ń bọ̀. Endmill kán, fáìsì ya, wọ́n ní láti pààrọ̀ bearing spindle. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ bọ́tìnì yẹn, kò sẹ́ni tó ṣí fáìlì wò.

Agbẹ́rin:
Háà! Ṣé kí n fọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn?

Kọ́ńtúrólà:
Ọ̀gá Irin_Dúdú, ẹ má dá renumber lẹ́bi. H tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ni olórí ẹ̀ṣẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Haas, Setting 15 wà fún èyí: bí ó bá wà ní ON, tí H kò sì bá T mu, ẹ̀rọ á fa alarm, kò ní sọ̀ kalẹ̀.

Irin_Dúdú:
Ta ló sọ fún yín pé Haas ló ń lò? Controller Fanuc ò ní bi í léèrè. H5 ni wọ́n kọ, H5 ló máa mú.

Òwú_Irin:
LinuxCNC ni kí ó lò, kó bọ́ lọ́wọ́ wàhálà H. G43 láìsí H á mú gígùn irinṣẹ́ tó wà lẹ́nu spindle fúnra rẹ̀.

Irin_Dúdú:
Ẹni tó fẹ́ gé irin láàárọ̀ ọ̀la lẹ ń ní kó pààrọ̀ controller?

BábáLéètì:
Lórí léètì, nọ́mbà mẹ́rin ni kí o máa kọ. T0303: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ipò lórí turret (orí tó di àwọn irinṣẹ́ léètì mú), méjì tó kẹ́yìn jẹ́ offset (àtúnṣe ìwọ̀n irinṣẹ́). Bí irinṣẹ́ kan bá ń gé dayámítà méjì tí ìwọ̀n wọn le gan-an, fún un ní offset méjì, T0303 àti T0313, kí o lè máa tún ọ̀kan ṣe láì kan èkejì.

Mílì24:
Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ mílì ló ń bi wá.

Ọmọ_Library:
Ohun tí ẹ ò tíì sọ nìyí: nọ́mbà kì í ṣe ti endmill nìkan. Ti endmill, holder (ohun tó dì í mú) àti bó ṣe yọ síta tó ni. Endmill 10 mm tó yọ 30 mm nínú holder ER32, àti irú rẹ̀ kan náà tó yọ 55, irinṣẹ́ méjì ni wọ́n. Èyí tó gùn yóò gbọ̀n bí o bá fún un ní feed (eré gígé) èyí tó kúrú, simulation ò sì ní rí holder tó fẹ́ kọ lu ògiri iṣẹ́ bí gígùn rẹ̀ kò bá jẹ́ òótọ́. Nítorí náà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀ láti 101 lọ, kí o má fi fún òmíràn mọ́ láéláé. Ẹ̀rọ ni kó mọ àpò (àyè tí irinṣẹ́ ń jókòó sí lórí ẹ̀rọ) tó wà. Nínú tool table LinuxCNC, ìlà kan lè rí báyìí:

T101 P3 Z92.4 D10.0

T ni orúkọ, P ni àpò. Heidenhain náà ń ya wọ́n sọ́tọ̀, tool.t fún irinṣẹ́, tool_p.tch fún àpò.

OlóríṢọ́ọ̀bù:
Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí T3 túmọ̀ sí àpò kẹta ńkọ́? T101 á kàn fa alarm ni.

Ọmọ_Library:
Kó fi 101 pamọ́ sínú orúkọ irinṣẹ́ nínú library (àkójọ irinṣẹ́ inú CAM), kí T jẹ́ àpò. Ó ṣì dára ju kí T3 máa jẹ́ ohun mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ máa ń pa ẹ̀dà irinṣẹ́ mọ́ sínú ara rẹ̀. Bí o bá tún nọ́mbà ṣe nínú library Fusion lálẹ́ òní, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ò ní gbọ́. Inú wọn ni kí o ti tún un ṣe.

Kọ́ńtúrólà:
Òótọ́ ni. Kí T, H àti D (nọ́mbà ibi tí fífẹ̀ irinṣẹ́ wà) jẹ́ nọ́mbà kan náà, kò sí àríyànjiyàn.

Irin_Dúdú:
Ó wà. Lórí Fanuc àtijọ́ tí offset rẹ̀ jẹ́ memory A, H àti D ń pín ibì kan náà lò. Bí H5 bá jẹ́ 131, D5 náà jẹ́ 131. Bí G41, àṣẹ tó ń fi fífẹ̀ irinṣẹ́ tún ọ̀nà gígé ṣe, bá dé, ẹ̀rọ á rò pé endmill rẹ fẹ̀ tó ìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ D ní T + 30 tàbí T + 50, gẹ́gẹ́ bí offset bá ṣe pọ̀ tó. Agbẹ́rin, ẹ̀rọ wo gan-an ni?

Agbẹ́rin:
Ẹ má bínú, Haas ni, àpò 20. Fusion ni mo ń lò.

Mo ti pinnu. Mo ka irinṣẹ́ tó wà nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò ju 14 lọ. Màá to wọn láti T1 sí T14, kí irinṣẹ́ kan náà jẹ́ nọ́mbà kan náà nínú gbogbo wọn. Ti library àti 101 yẹn, ó di ọjọ́ míì. Setting 15 ti wà ní ON.

Mílì24:
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ iṣẹ́ kẹrin á dé, wàá tún tò ó lákọ̀tun. Àmọ́ tìẹ ni.

Irin_Dúdú:
Ṣé renumber lo fẹ́ fi ṣe é?

Agbẹ́rin:
Òun ni, ọ̀gá. Alẹ́ ti lẹ́.

Irin_Dúdú:
Nígbà náà, bí post bá ti jáde, ṣí fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí o wá G43 nínú wọn. Ní gbogbo ibi tó bá ti yọjú, wo T tó ṣáájú rẹ̀, H tó tẹ̀lé e, àti D tó bá wà lẹ́yìn G41. Setting 15 ò ní mọ̀ bí H3 bá ṣì ní gígùn irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lánàá. Wọn gígùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lákọ̀tun lórí ẹ̀rọ, títí kan èyí tí nọ́mbà rẹ̀ kò yí padà.