Igbó ọdẹ tí a sàmì sí lórí fóònù: ta ló tún ń rí i?

Láti Houston, Texas:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àkókò tí wọ́n ń ṣọdẹ àgbọ̀nrín ń bọ̀ lọ́nà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta sì ti jọ san owó fún oníilẹ̀ kan kí ó lè gbà wá láyè láti máa ṣọdẹ nínú oko rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ ní Texas níbí jẹ́ ilẹ̀ aládàáni. Ọ̀kan nínú wa ní kí gbogbo wa máa lo onX Hunt, áàpù máàpù tí àwọn ọdẹ ń lò lórí fóònù, kí a fi sàmì sí ibi tí ẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan wà, ìyẹn ibi tí a ń gùn sí lórí igi láti dẹ ẹran, ibi tí ẹran ti ń mu omi, àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò mọ ibi tí àwọn àmì wọ̀nyí ń lọ lẹ́yìn tí mo bá ti fi wọ́n pamọ́. Ṣé ilé iṣẹ́ náà ń rí wọn? Ṣé wọ́n lè tà wọ́n? Ẹni tó bá kúrò láàárín wa lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé yóò kó wọn lọ ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ.

Láti Minnesota:

Àbúrò mi, àmì tí o bá fi sórí máàpù kì í dúró sínú fóònù rẹ nìkan. Bí o bá ra fóònù tuntun, tí o sì tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ sínú áàpù náà, gbogbo àmì rẹ ni yóò jáde wá padà, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni áàpù ni wọ́n sì ti ń bọ̀. Kódà bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó, fóònù yóò tọ́jú àmì náà títí o ó fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, lẹ́yìn náà ni yóò fi í ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó tan airplane mode nígbà tó ń sàmì kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ilé iṣẹ́. Ó kàn dá iṣẹ́ náà dúró títí di ìrọ̀lẹ́ ni.

Ní ti títà, ilé iṣẹ́ tí àwọn ọdẹ ń sanwó fún lọ́dọọdún mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń ta ibi ẹ̀gùn wọn ni ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ ni èmi ń rò jùyẹn lọ. Ní ọdún 2020 àti 2021, àwọn ọdẹ kan láti Missouri lọ ṣọdẹ ní Elk Mountain ní ìpínlẹ̀ Wyoming, níbi tí ilẹ̀ ìjọba àti ilẹ̀ aládàáni ti tò bí ojú pátákó dráàfù, tí ilẹ̀ ìjọba méjì kì í sì í kan ara wọn àfi ní ṣóńṣó igun. Igun yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n di òpó irin tí oníilẹ̀ rì síbẹ̀ mú, wọ́n sì fi ara yí i kọjá; ní ọdún kejì, wọ́n gbé àkàbà irin dání, wọ́n gbé e lé orí igun náà, wọ́n gun ún láti ilẹ̀ ìjọba kan, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sórí èkejì láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n fi kàn wọ́n kò mú wọn, ní 2022 ni àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ náà tún pè wọ́n lẹ́jọ́ fún owó gbà-máà-bínú, ó ní ohun tí wọ́n ṣe lè mú kí iye ilẹ̀ òun fi ohun tó ju mílíọ̀nù 7 dọ́là lọ wálẹ̀.

Níbi ẹjọ́ yìí ni onX ti wọ ọ̀rọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò oníilẹ̀ ń wá àkọsílẹ̀ tó wà nínú áàpù náà, wọ́n sì rí àmì kan, Waypoint 6, tó bọ́ sórí ilẹ̀ aládàáni. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn pé ọdẹ náà fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lo irú áàpù yìí rí mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sórí àga nílé kí ó fi ìka sàmì sí òkè tí kò dé rí. Nígbà tí adájọ́ dá àwọn ọdẹ náà láre ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 lórí ọ̀rọ̀ gbígba igun kọjá, àmì kan ṣoṣo yẹn ni ó yọ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀ ìjọba ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà ni wọ́n jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe láti ìgbà yẹn kò le. Bí mo bá sàmì láti ilé, mo máa ń kọ ọ́ sára àmì náà pé n kò tíì dé ibẹ̀. Mo máa ń pa àwọn tí kò wúlò mọ́ rẹ́ nígbà tí àsìkò bá parí. N kì í sì í jẹ́ kí áàpù máa ya ipa ìrìn mi àfi nínú igbó tí n kò mọ̀, nítorí pé ipa ìrìn ní ọjọ́ àti wákàtí lára, àmì lásán kò sì sọ tó bẹ́ẹ̀.

Láti Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì:

Ẹ kú àlàyé, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi ni ọdẹ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bá a tọ́jú fóònù. Níhìn-ín, ẹ̀tọ́ wa lábẹ́ òfin ni láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kí ó fi gbogbo ohun tó ní nípa wa ránṣẹ́, oṣù kan ni òfin sì fún un láti dáhùn, bó tilẹ̀ lè fi àkókò kún un bí ọ̀rọ̀ náà bá díjú. A tún lè ní kí ó pa á rẹ́. Ní Texas tí àbúrò wa wà, òfin kan tó jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ má kàn yọ áàpù kúrò lójú fóònù kí ẹ sì rò pé ó tán. Àkáǹtì gan-an ni kí ẹ ní kí wọ́n pa rẹ́.

Àwòrán ni èmi kà sí ewu jù. Fóònù máa ń kọ ibi tí a wà sínú fọ́tò, kò sì hàn sí ojú. Bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, ó máa ń yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì kí ó má bàa dínkù, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Lórí iPhone, kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tẹ Options lókè, kí ẹ sì pa Location. Àgbẹ̀ tó gba ọkọ mi láyè ti kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ rí oko òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn tó ń fi ajá lé ehoro lóru ní àdúgbò wa. Kódà láìsí Location nínú rẹ̀, géètì pupa tó wà lẹ́yìn ẹran nínú fọ́tò tó fún ẹni tó mọ àdúgbò.

Láti Atlanta:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi kún un pé kí a má ṣe fi ọkàn lé e pé orúkọ wa kò sí lára rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, máàpù tí Strava, áàpù tí àwọn tó ń sáré fi ń ya ipa ìrìn wọn, fi ṣe àfihàn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sáré kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó tú àṣírí ibùdó àwọn ọmọ ogun, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń sáré yípo ní aginjù níbi tí kò sí ẹlòmíràn. Ẹ̀gùn tí ẹnì kan ṣoṣo ń rìn lọ ní gbogbo Sátidé kò yàtọ̀. Nínú ètò fóònù, ẹ jẹ́ kí áàpù náà máa rí ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan, kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Àwọn áàpù ojú ọjọ́ àti eré orí fóònù tí ẹ gbàgbé síbẹ̀ ńkọ́? Àwọn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gba àyè yẹn lọ́wọ́ wọn.

Láti Houston, Texas:

Mo dúpẹ́ gan-an ni o, Ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin yòókù. Ohun tí mo wá ń gbèrò ni kí a fi ẹnu géètì, ààlà oko àti ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan sínú fódà tí a jọ ń lò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ibi ẹ̀gùn rẹ̀ àti ibi omi mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ẹni tó bá kúrò má lè kó wọn lọ. Àwọn ọdẹ ilé ṣáà máa ń wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Láti Minnesota:

Ibi omi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi ẹ̀gùn kò gbọdọ̀ jẹ́ àṣírí láàárín ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ jọ ń yìnbọn nínú oko kan. Ọta ìbọn máa ń kọjá ẹran tí a yìn ín sí, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ gùn sí kò mọ ibi tí kò gbọdọ̀ kọ ẹnu ìbọn sí. Ẹ fi ẹ̀gùn sínú fódà àjọni. Ohun tí ẹlòmíràn bá ti gbà sórí fóònù rẹ̀ lè di ẹ̀dà tí ẹ kò lè pa rẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín lójúkojú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá kúrò yóò pa tirẹ̀ rẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tí ẹ bá oníilẹ̀ ṣe. Bí ọ̀kan bá sì kúrò tí ọkàn yín kò balẹ̀, ẹ̀gùn ṣeé tú. Ẹ gbé e lọ sórí igi mìíràn kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, fi ibi tí o wà han ìyàwó rẹ lórí WhatsApp fún wákàtí 8, kí o sì kọ orúkọ oko àti géètì tí o gbà wọlé sórí ìwé fún un, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ṣàìsí nígbà tí o bá ti wọ inú igbó.