Ṣé lóòótọ́ ni èdè Fínláńdì àti ti Họ́ńgárì bára wọn tan? Àwa ńkọ́?

Atẹ̀wé Agbowó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tẹ pròjẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ yunifásítì ní Agbowó níbí, kí n sì dì í fún wọn. Kò síhun tí wọn kì í gbé wá: ibà, òfin ilẹ̀, oúnjẹ adìyẹ. Lọ́sẹ̀ yìí, àǹtí kan gbé èyí tí àmì orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ju ti Yorùbá lọ wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ìyá ni èdè Fínláńdì, ti Ẹ́stóníà àti ti Họ́ńgárì. Mo wo máàpù. Fínláńdì wà lókè lọ́hùn-ún nínú yìnyín, Họ́ńgárì wà láàárín Yúróòpù, èdè àwọn ẹlòmíràn ló kún àárín wọn.

Èyí tó wá gba oorun lójú mi ni pé àwọn èèyàn yìí kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ sọ "ó". Fínláńdì á ní *hän*, Họ́ńgárì á ní *ő*, ó parí. Tiwa gẹ́lẹ́! Fáwẹ̀lì wọn náà ní ẹlẹgbẹ́, àwọn kan kì í bá àwọn kan gbé inú ọ̀rọ̀ kan, bí àwa náà ṣe ní "ọ̀bẹ" tí a ò ní "ọ̀be". Àbí àwa náà bá wọn tan ni? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ tètè dáhùn, jẹnẹrétọ̀ ń jó epo.

Bàbá Tíṣà Mọ́kọ́lá:
O káre, ọmọ mi, ojú rẹ ríran. Ṣùgbọ́n àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àwọn Tọ́kì náà kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, *o* gan-an ni wọ́n ń pè é. Fáwẹ̀lì tiwọn náà ń yan ẹgbẹ́. Ṣé a ó wá sọ pé Ìbàdàn ti Ìstáńbùl wá ni? Irú ìjọra bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi.

Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè ń wá ni ìró tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí ìyàtọ̀ náà ní òfin. Wo àwa ará Ìbàdàn. Àwọn àgbà wa ń pe iṣu ní "isu", iṣẹ́ ní "isẹ́", ìṣasùn ní "ìsasùn". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti ní ṣ, s lo máa bá lẹ́nu wọn. Ìwọ sọ "ṣ" fún mi, mo ti mọ ohun tí ìyá àgbà máa pè.

Bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Ibi tí Fínláńdì bá ti fi p bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, f ló sábà máa ń wà ní Họ́ńgárì. Igi: *puu*, *fa*. Ìtẹ́ ẹyẹ: *pesä*, *fészek*. Ọmọkùnrin: *poika*, *fiú*. K ńkọ́? Ó di h: ẹja jẹ́ *kala* àti *hal*, ẹ̀ta jẹ́ *kolme* àti *három*. O wá bá ọwọ́, *käsi* àti *kéz*. O bá òkúta, *kivi* àti *kő*. Kí ló dé tí k ò kúrò níbẹ̀? Fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e ni, iwájú ẹnu ni wọ́n ti ń pè é, ti ẹja àti ẹ̀ta jẹ́ ti ẹ̀yìn ẹnu. Àní èyí tó dà bíi pé ó rú òfin, òfin tirẹ̀ ló ń tẹ̀ lé! Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dùn mọ́ mi nìyẹn.

Adé Bódìjà:
Bàbá, ta ló kọ́kọ́ rí i?

Bàbá Tíṣà Mọ́kọ́lá:
Kì í ṣe ẹnì kan, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí, àgùàlà yẹn náà ló sì fà á. Ní 1769, àwọn àlùfáà Jesuit méjì láti Họ́ńgárì, Maximilian Hell àti János Sajnovics, lọ sí Vardø ní ìpẹ̀kun àríwá Nọ́wè, kí wọ́n lè wo àgùàlà, ìyẹn Venus, bó ṣe ń gba iwájú oòrùn kọjá. Àwọn Sámi, tí èdè wọn bá ti Fínláńdì tan, ló wà lágbègbè ibẹ̀. Sajnovics bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ọ̀rọ̀ wọn, nígbà tó sì di 1770, ó tẹ ìwé jáde pé èdè Sámi àti ti Họ́ńgárì, ọ̀kan náà ni. Inú bí àwọn ọlọ́lá ilé. Wọ́n ní àwọn ò bá ẹni tó ń rùn ẹja tan, ọ̀dọ̀ Attila jagunjagun ni àwọn ti ṣẹ̀.

Ìjà náà tún gbérí ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ármin Vámbéry gbè sẹ́yìn Tọ́kì, József Budenz, ọmọ Jámánì tó fi Họ́ńgárì ṣe ilé, gbè sẹ́yìn Fínláńdì. Budenz ló borí. Ọ̀rọ̀ Tọ́kì wà nínú èdè Họ́ńgárì lóòótọ́, irú bí *alma* tó jẹ́ èso ápù, àmọ́ wọ́n yá a ni.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jẹ́:
Ẹ gbọ́ o! Bí àwọn tiwa tó ní dandan Mẹ́kà la ti wá. Ẹ̀yin ò rí ẹni tó máa sọ pé ìdílé apẹja lòun ti jáde. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta wá ni ìbátan Họ́ńgárì tó sún mọ́ ọn jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é gùn, mo wà lọ́jà.

Bàbá Tíṣà Mọ́kọ́lá:
Àwọn Mansi àti Khanty ni, létí odò Ob ní Sìbéríà, apẹja àti ọdẹ. Wọn ò pọ̀ rárá. Antal Reguly, ọmọ Họ́ńgárì kan, lọ bá wọn láàárín 1843 sí 1845, ó kọ orin àtijọ́ wọn sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Àìsàn kò jẹ́ kó túmọ̀ wọn tán kó tó kú ní 1858. Ẹ mọ bí oríkì ṣe rí, Ìyá Ìbejì: èèyàn lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ ìdajì ohun tó ń wí. Pépà wà, ìtumọ̀ ò sí. Bernát Munkácsi ló gbéra lọ sọ́dọ̀ àwọn Mansi ní 1888, ó ń ka orin náà sí wọn létí kí wọ́n lè là á fún un. József Pápay tún lọ ṣe ti Khanty ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn.