“Agbẹmi” kọ́, “afọ̀rinrin” ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa tó dábàá pé ká máa pe ìdérí tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì bàálù mọ́ ní “agbẹmi”, látinú gbẹ àti omi, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó ta kò yín.

Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan bàálù kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì ti dé, ìyẹ́ kò tíì parí. Lycoming ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ irú wọn, òkè kíránkì, irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ bàálù, ni kámúṣáàfù, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, wà. Bó bá jókòó pẹ́, ọ́ìlì á ro kúrò lára irin náà, ọ̀rinrin á bà lé e, á sì dógùn-ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú púlọ́ọ̀gì iná rẹ̀, tí wọ́n á fi ìdérí oníke tó ní wóró tó ń fa ọ̀rinrin nínú dí ojú ihò. Búlúù ni wóró náà nígbà tó bá gbẹ. Bó bá mu ọ̀rinrin yó, á di píǹkì, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀.

“Gbẹ” kì í gba àbọ̀. Odò ló ń gbẹ, aṣọ ló ń gbẹ. Oòrùn kì í gbẹ odò, ńṣe ló ń mú un gbẹ. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn mẹkáníìkì kì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí. “Agbẹ̀mí” ni èèyàn máa kà, èyí tó ń gba ẹ̀mí! Ta ló fẹ́ kí orúkọ yẹn wà lára bàálù tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀?

Bí a ṣe rí “apẹja” látinú pa ẹja, bẹ́ẹ̀ ni fa ọ̀rinrin ṣe bí “afọ̀rinrin”. Iyọ̀ náà kúkú ń fa omi nígbà òjò, gbogbo ilé ìdáná ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan tún ní ká pe gbogbo iṣẹ́ náà ní “ìtọ́jú”. Ó fẹ̀ jù. Bí mo bá ní “bá mi tọ́jú ẹ́ńjìnnì yìí”, ọmọ iṣẹ́ lè máa fọwọ́ yí i lójoojúmọ́, kó rò pé òun ń ṣe é lóore, bẹ́ẹ̀ yíyí yẹn gan-an ló ń nu ọ́ìlì tó kù lára irin. Ìpamọ́ ni ká pè é.

Bí ẹ bá ní èyí tó ju “afọ̀rinrin” lọ, ẹ tètè sọ ọ́, torí mo fẹ́ kọ ọ́ sára páálí ẹ̀gbọ́n mi, tàmì-tàmì.