Àbọ̀ ìrìn àjò wa láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín nígbà yẹn pé báwo ni èmi àti Bàbá Tọ́mi ṣe lè ti Àkúrẹ́ dé ọgbà ìgbafẹ́ Omu Resort ní Bogije, lọ́nà Lẹ́kí ní Èkó, láìwa mọ́tò wọ Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ká wọ rélùwéè ní Ìbàdàn, Ọlọ́run á bù kún yín.

Ìdájí la gbéra. A gba Iléṣà àti Ifẹ̀, a já sí Ọ̀jọ́ọ̀, a sì gbé mọ́tò sílẹ̀ ní Mọ́níyà, níbi tá a ti wọ rélùwéè Ìbàdàn sí Èkó. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà, 2021 ni wọ́n ṣí i. Ó dùn mọ́ mi gan-an! Bàbá Tọ́mi kò kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tá a dé Abẹ́òkúta, wọ́n rí orúkọ Wọlé Ṣóyínká lára ibùdó, wọ́n fọwọ́ tọ́ mi kí n wò ó. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn kí wọ́n rìnrìn àjò láìdi síárìn mú.

Alágomeji ní Èkó la ti sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà Lẹ́kí ló le jù, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ sun Èkó mọ́jú kí ẹ tó lọ Bogije. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, tí okun fi wà lára wa láti wo àwọn ẹranko, ká sì ṣeré.

Ìbéèrè mi ti parí o. Ẹ ṣeun.