Ewé inú orí wọn ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ewé tó wà níwájú wọn

Àǹtí Oníṣẹ́-Ọnà:
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. JSS 2 ni mo ń kọ́ ní iṣẹ́ ọnà, ọmọ 48 ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gé ewé ìbẹ́pẹ wá, ẹyọ kan fún tábìlì kan, mo ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí mo máa gba ìwé wọn, ewé kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú gbogbo rẹ̀: ó ṣe ṣóńṣó lókè, ó ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀, ìlà kan gbọọrọ láàárín. Ìbẹ́pẹ tó ya bí ìka ọwọ́, tí ìka kọ̀ọ̀kan tún ya ìka mìíràn! Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ fi òdòdó pupa lé tirẹ̀ lórí. Mo bi í pé níbo ló ti rí òdòdó. Ó ní, "Mà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń yà á."

Ó dùn mí, torí èmi ni "wọ́n" yẹn. Èmi ni mo ya ewé bẹ́ẹ̀ sí bọ́ọ̀dù ní táàmù tó kọjá, tí wọ́n dà á kọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mú kí ọmọ wo nǹkan dáadáa kó tó fi pẹ́ńsùlù kan ìwé? Ogójì ìṣẹ́jú péré la ní, kó sì tó dé ìdajì, ewé ti rọ.

Bàbá Tísà:
Ẹ kú làálàá, àǹtí. Ẹ ti ìdí ewé bọ inú ike omi, kò ní tètè rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gé páálí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ lu ihò sí i láàárín, kí ọmọ ki pẹ́ńsùlù bọ ihò náà, kí páálí bo ọwọ́ rẹ̀. Kò ní rí ohun tó ń yà. Ojú rẹ̀ á máa tọ etí ewé lọ díẹ̀díẹ̀ bí èèrà, pẹ́ńsùlù á máa tẹ̀ lé ojú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Àwòrán yẹn á rí wúruwùru, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà pa á rẹ́.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì:
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi òjìji sí àwòrán ewé. Ìlà tó mọ́ la fẹ́, rúlà la sì fi ń fa ìlà tó so ẹ̀yà ewé mọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan náà ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ fún wọn pé tiyín yàtọ̀. Ṣùgbọ́n wíwò ò yàtọ̀. Èmi a máa fún wọn ní ewé ọsàn, màá ní kí wọ́n wo ìdí rẹ̀: ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà lára igi ewé náà, ìyẹn ọ̀pá tó so ewé mọ́ ẹ̀ka. Ọmọ tó ti ń já ewé ọsàn láti kékeré ò rí i rí.

Bàbá Tísà:
Òótọ́ lẹ sọ. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, bí nǹkan ṣe rí lójú gan-an ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ l'Ékòó, débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Mr Perspective (perspective ni yíya nǹkan bó ṣe rí lójú láti ibi téèyàn wà). Àǹtí, ewé tó bá na ṣóńṣó rẹ̀ sí ọmọ á kúrú lójú, ọmọ á sì fẹ́ yà á gùn torí ó mọ̀ pé ó gùn. Kó na ọwọ́ gbọọrọ, kó di ojú kan, kó fi àtàǹpàkò wọn gígùn rẹ̀ lára pẹ́ńsùlù.

Àǹtí Oníṣẹ́-Ọnà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe é lónìí. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi wúruwùru ara wọn rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹnì kan pè mí pé, "Mà, ìka tèmi mẹ́sàn-án, tiwọn méje." Ọmọ olódòdó pupa yẹn yọ ewé tirẹ̀ kúrò nínú omi, ó yí ìdí rẹ̀ síta, ó ya ihò tó wà nínú igi ewé níbi tí mo fi ọ̀bẹ gé, ó sì kùn ún dúdú. Èmi ò ya ihò yẹn sí bọ́ọ̀dù rí.