Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé?

Ìyá Ayọ̀: Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará mi. Ìkòròdú là ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ni mo ń jáde, alẹ́ ni mo ń wọlé. Ìsinmi ìbímọ mi ń parí lọ, ọmọ mi kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Éjẹ́ǹtì kan ní òun á mú ọmọbìnrin ọdún 13 wá fún mi láti Kútọnu, pé òun ni kí n máa kó owó oṣù rẹ̀ fún. Ṣé kí n gbà?

Mọ́mì Ìbejì: Àbúrò mi, má gbà o. Ọmọ ọdún 13 ṣì ń wá ẹni tó máa tọ́ òun alára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, a ò sì gbọ́dọ̀ gbà á ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àti ẹbí rẹ̀. Èkó náà ti sọ ọ́ di òfin láti 2007. Owó tó bá sì gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì, èló ló máa dé ọwọ́ ọmọ yẹn? Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru!

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Òótọ́ ni Mọ́mì Ìbejì sọ, ṣùgbọ́n ẹ má sá fún gbígba èèyàn. Àgbàlagbà ni kí ẹ wá. Opó kan ló wà lọ́dọ̀ wa, ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ yanjú. Wàrà ọmú tí mo bá fún sínú ìgò, inú abọ́ omi gbígbóná ló ń gbé e sí títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á kán an sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó fi sẹ́nu ọmọ. Kó tó bẹ̀rẹ̀, a dé ilé rẹ̀, a rí onídùúró méjì, a gba NIN rẹ̀, a sì sanwó àyẹ̀wò ikọ́ ife àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ fún un. Àkáǹtì tirẹ̀ ni owó ń wọ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ tirẹ̀. Èyí tó nira ni pé ilé kì í jẹ́ tẹni nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya á di ti inú yàrá. Nígbà míì, ọmọ á kọ̀ yín, á na ọwọ́ sí i. Ó ń dunni.

Bàbá Fọlá: Jẹ́léósinmi tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ yín ńkọ́? Àwọn olùtọ́jú máa ń ju ẹyọ kan lọ, wọ́n á máa ṣọ́ ara wọn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àléébù rẹ̀, torí ọmọ á máa bá yín jí ní ìdájí. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, wọn ò ní gbà á lọ́jọ́ náà.

Ìyá Ayọ̀: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti sọ fún éjẹ́ǹtì pé mi ò ṣe mọ́. Obìnrin kan ń wáṣẹ́ ládùúgbò wa, ọmọ rẹ̀ ti wà ní yunifásítì. Èló ni kí n máa san fún un?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ fún un: ṣé ọmọ nìkan ni, àbí aṣọ fífọ̀ àti oúnjẹ wà níbẹ̀? Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ ilé yín ló máa sùn. Ẹ jẹ́ kó ti wà lọ́dọ̀ yín kí ìsinmi yín tó parí, kí ẹ fi ojú ara yín wo bó ṣe ń gbé ọmọ.