Àbọ̀ ìbéèrè mi: a ti rí ẹgbẹ́ àwọn òbí tó gba ọmọ tọ́

Ẹ kú àdúrótì o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo béèrè ẹgbẹ́ tí ìdílé tó gba ọmọ tọ́ lè dara pọ̀ mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, torí ọmọbìnrin wa ń bi wá léèrè ìyá tó bí i. A ti rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká kàn sí Adoption UK, àjọ tó ń ran ìdílé tó gba ọmọ tọ́ lọ́wọ́, Ọlọ́run á dá yín lọ́lá. Nígbà tá a lọ sí ìpàdé wọn, àwa òbí jókòó lápá kan, àwọn ọmọ ń kun àwòrán lápá kejì. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ti sọ fún ọmọbìnrin mi pé, "Màmá méjì ni mo ní. Ọ̀kan ló bí mi." Ọmọ mi sáré wá bá mi: "Mọ́mì, òun náà!" Omi bọ́ lójú mi.

Tí ọmọ bá nílò ìtọ́jú ọkàn, ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún un ní England láti 2015. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń bá ìdílé béèrè fún un. Bí kò bá tíì pé ọdún 3 tí kóòtù fọwọ́ sí ìgbàtọ́ ọmọ náà, káńsù tó fi ọmọ lé yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá. Lẹ́yìn ìyẹn, ti àdúgbò yín ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká fi ọ̀rọ̀ ìyá tó bí ọmọ wa pa mọ́ fún un, mi ò lè gbà. Tó bá pé ọdún 18 níbí, òfin gbà á láyè láti béèrè ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnu tiwa ni kó ti gbọ́ ọ.

Mo ti ìbéèrè yìí pa báyìí. Ẹ ṣeun gan-an ni.